Ìbọn Sójà Tí Yẹ̀kínì Rà Ní Gbàǹjo

Kò sí bí máṣíìnì ìránṣọ ṣe lè ya olóríkunkun tó, tí Yẹ̀kínì ará Ìtòrò ò ní mú kó máa ránṣọ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tó sì kó o sí wàhálà gan-an nìyẹn. Ọkùnrin kúkúrú ni, òórùn òróró máṣíìnì kì í kúrò lára ẹ̀, títí kan ọjọ́ Jímọ̀ tó bá wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá ẹ̀ ló máa ń yìnbọn fún agboolé wọn ní Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, tí àwọn ẹlẹ́ṣin bá ń lọ kí Ọba. Bàbá kú, iṣẹ́ wá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Lọ́dún tó kọjá, Yẹ̀kínì gbé ìbọn ṣakabùlà bàbá ẹ̀ jáde, ó da òróró sí i láti òkè délẹ̀, ó ń dán bí ojú ìyàwó tuntun. Ó dé iwájú èrò, ó fà á. Fíì. Ó tún ẹ̀tù kì, ó fà á. Fíì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọmọ kan tí ìyá ẹ̀ pọ̀n sẹ́yìn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ni gbogbo ìta bá gbà á lẹ́nu ẹ̀.

Látìgbà náà, tí obìnrin bá gbé máṣíìnì wá, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Bàbá Fíì, ẹ kú iṣẹ́ o," á wá fọwọ́ bo ẹnu. Ọwọ́ náà ò bo nǹkan kan.

Yẹ̀kínì ò lè gbé e mì. Tí ìbọn ò bá dún lọ́dún yìí, wọ́n á gbé iṣẹ́ bàbá ẹ̀ fún ẹlòmíì, á sì máa jẹ́ Bàbá Fíì títí wọ́n á fi sin ín. Nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi ẹrù àwọn sójà ṣe gbàǹjo l'Ábẹ́òkúta: bẹ́ẹ̀dì, bàtà, àti ìbọn àtijọ́. Ó wọkọ̀ lọ. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ sọ òyìnbó gbọọrọ sí i létí, Yẹ̀kínì ní, "Yẹ́sà." Ó tún sọ òmíì. "Yẹ́sà." Wọ́n fún un níwèé tó ní òǹtẹ̀, ó ká a sínú fìlà, ó fi àpò wé ìbọn, ó gbé e wálé.

Àsíátù ìyàwó ẹ̀ ń ta iyọ̀ àti kánún lẹ́nu ilé. Ó wo ohun tó wà nínú àpò, ó kàn rí nǹkan dúdú tí gírísì gbẹ mọ́ lára.

"Bàbá Mojí, kí lẹ gbé bọ̀ yìí? Òkú ọ̀bọ ni?"

"Ìbọn tó jagun òyìnbó ní Bóńmà ni."

"Ṣé òun ló sọ fún yín?"

Yẹ̀kínì gbé ìbọn ẹ̀ kọjá. Ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ lẹ́yìnkùlé, ó tú ìbọn palẹ̀, ó to irin ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ bó ṣe máa ń to ti máṣíìnì, kó má baà gbàgbé èyí tó ṣáájú. Ó da kẹrosíìnì tí ìyàwó ẹ̀ fi ń dáná sínú ọpọ́n tí ìyàwó ẹ̀ fi ń fọṣọ. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín họ ọ́, ó fi àkísà nù ún, gírísì ń bọ́ bí èépá ìdí ìkòkò. Ọjọ́ kẹrin, irin bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ó fi sáńpépà ha igi ìdí ẹ̀, igi náà pọ́n bí obì. Yẹ̀kínì ń súfèé. Ó ti pẹ́ tó súfèé kẹ́yìn nínú ilé yẹn.

Ó wá ku inú ọ̀pá. Ó wé àkísà mọ́ sípóòkù kẹ̀kẹ́, ó tì í bọnú ẹ̀. Ó wọlé díẹ̀, ó dúró. Ó gún un lónìí, ó gún un lọ́la, sípóòkù mẹ́ta ló tẹ̀, ibi tó dúró náà ló ń dúró sí. Iléyá ti ku ọ̀la.

"Ìdọ̀tí ni," Yẹ̀kínì wí. "Ẹ̀tù ló máa gbá a jáde. Tí aláǹtakùn bá ta owú sínú ṣakabùlà, bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ẹ̀tù díẹ̀, pàù, ó mọ́."

"Ṣé ṣakabùlà lèyí ni?"

"Ìbọn ni ìbọn ń jẹ́, Ìyá Mojí."

Ó wọlé lọ mú iná. Kó tó jáde, Àsíátù ti gbé agolo ẹ̀tù, ó ti gbé e sábẹ́ àpótí ìjókòó ẹ̀, ó sì ti jókòó lé e gbáà.

"Ó yá, ẹ wá yìn mí pọ̀ mọ́ ọn." Ó wá kígbe gba orí ọgbà: "Bàbá Àbúdù o! Ẹ gbà wá o!"

Alágbẹ̀dẹ ni Bàbá Àbúdù, eyín méjì ló kù lẹ́nu ẹ̀, òun ló sì lọ jagun ní Bóńmà ní tòótọ́. Ó gba ìbọn, ó da omi sí i láti ẹnu, omi dúró. Ó yí i padà, ó da omi sí i láti ìdí, omi dúró. Ó fi ìṣó kàn án wò.

"Kí ni wọ́n sọ fún ẹ níbi tó o ti rà á?"

"Òyìnbó ni wọ́n sọ, bàbá."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo ní yẹ́sà."

"Ẹ ò rí i! Wọ́n ti yọ́ irin sínú ẹ̀, Yẹ̀kínì. Èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ sójà ní ìrìn ni, wọn ò fẹ́ kó dún mọ́ láé. Tó o bá fi ẹ̀tù àti iná sí i, kò ríbi gbà mọ́ àfi ojú ẹ."

Yẹ̀kínì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín kẹrosíìnì. Ó fọwọ́ pa ojú méjèèjì, bíi pé ó ń wá wọn. "Alihamudulilahi," ó ń wí, "alihamudulilahi." Àsíátù ò dìde lórí àpótí.

"Gbé ti bàbá ẹ wá," Bàbá Àbúdù wí. Ó gbé ṣakabùlà símú. "Kí ló ń rùn báyìí?"

"Òróró máṣíìnì ni. Mo fi pa á."

"Inú ẹ̀ náà?"

"Mo da díẹ̀ sí i. Kó lè máa yọ̀."

"Ṣé aṣọ ló fẹ́ rán ni?"

Àsíátù bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ẹ̀rù tó wà níkùn ẹ̀ ló ń bá a jáde. Òróró ló ti fi ìdọ̀tí dí ihò kékeré tí iná ń gbà kan ẹ̀tù, ẹ̀tù tí iná bá sì kàn náà ti rin ṣìnkìn. Wọ́n fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, wọ́n fi sípóòkù la ihò náà, wọ́n sá a sóòrùn títí ó fi gbẹ táú.

Ọjọ́ Ojúde Ọba pé. Yẹ̀kínì gbé ìbọn sójà kọ́ ẹ̀yìn, ó ń dán gbinrin, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé odi ni. Ó na ti bàbá ẹ̀ sókè. Àwọn kan ti ń fọwọ́ bo ẹnu sílẹ̀. Ó fà á.

Gbàù!

Ẹṣin ta sẹ́gbẹ̀ẹ́, gèlè bọ́ lórí obìnrin méjì. Kí èéfín tó tán, Àsíátù ti tì wọ́n sọ́tùn-ún sósì, ó dé ọ̀dọ̀ ọkọ ẹ̀, ó já ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì gbà, ó ń ka ìka níwájú gbogbo ayé. Ó kà á dé mẹ́wàá. Kò gbà, ó tún un kà.

"Ó pé," ó wí. "Ẹ tún ìkejì yìn."