Bí Mo Ṣe Gbé Igbà Bàbá Akọ̀pẹ Lọ Sórí Omi

Igbà tí kì í ṣe tèmi ni mo mú, n kò sì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti pani lẹ́rìn-ín, ẹ ó rẹ́rìn-ín títí ẹ ó fi gbàgbé pé mo jẹ̀bi. Èmi pàápàá ti fẹ́ gbàgbé nígbà kan rí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fíríìdọ̀mù iṣẹ́ káfíńtà nígbà náà, ṣùgbọ́n n kò tíì ní irinṣẹ́ ti ara mi, nítorí náà ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ni mo ṣì wà ní Ìwó. Iṣẹ́ kò pọ̀. Fóònù ló pọ̀ lọ́wọ́ mi. Ibẹ̀ ni mo ti rí òyìnbó kan tó dúró lórí pákó kékeré lójú òkun, tó so nǹkan kan tó dà bí àwòdì ńlá mọ́ ìbàdí, tí atẹ́gùn ń wọ́ ọ lọ wìì, tó sì ń fò kúrò lójú omi bí ẹja tí wọ́n finá sí nídìí. Mo wò ó títí fóònù fi kú. Mo gba iná sí i, mo tún wò ó. N kò pẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kí n tó yà sí iṣẹ́ ọwọ́, nítorí náà gbogbo òyìnbó tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ kò yé mi. Ohun tí mo rí ni pákó, tapólì, okùn àti atẹ́gùn. Pákó wà ní ṣọ́ọ̀bù wa. Tapólì wà lórí àpò iyọ̀ tí ìyá mi ń tà. Atẹ́gùn, ti Ọlọ́run ni. Kí ló wá kù? Òkun ló kù, èyí tí kò sí ní Ìwó. Ṣùgbọ́n a ní omi tí ìjọba sé létí ìlú, ó sì fẹ̀ tó lójú mi. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Wọn kò sọ ohun tí ẹni tí kì í jẹ oyin ń wá lọ sínú àpáta.

Ọ̀rẹ́ mi kan ń ṣe fọganáísà ní ìdojúkọ ṣọ́ọ̀bù wa. Òun ló ní òun yóò ya fídíò, pé bí a bá gbé e sórí ẹ̀rọ ayélujára, gbogbo ayé yóò mọ̀ wá. Mo fá pákó, mo fi yanrìn bébà ra á títí ó fi ń dán. A gé tapólì, a fi ọparun ṣe egungun rẹ̀. Ohun tó wá dá wa dúró ni bẹ́líìtì tí èèyàn fi ń so ara rẹ̀ mọ́ ọn. Oríṣi méjì ni a rí lórí fóònù. Ọ̀kan ń yí ìbàdí ká bí àmùrè. Èkejì ń gba abẹ́ itan kọjá, ó sì ń gbá ìdí mú gírígírí.

Ọ̀rẹ́ mi ní, “Èyí tó gbá ìdí mú yìí ni ká ṣe. Ibi tí ara ti wúwo jù nìyẹn.”

“Ìlédìí nìyẹn! Kí gbogbo Ìwó rí mi nínú fídíò pẹ̀lú ìlédìí?”

“Ta ló fẹ́ wo ìdí ẹ?”

“Wọ́n ń wò ó.”

“Àwọn wo?”

N kò dárúkọ ẹnìkan, nítorí kò sí ẹni tí mo lè dárúkọ. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé ti ìbàdí ni mo fẹ́. A kọ́kọ́ lo ọ̀já tí ìyá mi fi pọ̀n mí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ó fàya. Ọ̀rẹ́ mi mú rọ́bà inú táyà wá, ó fi so mí mọ́ igi máńgòrò kí á fi dán an wò. Mo sáré síwájú pẹ̀lú gbogbo agbára mi, rọ́bà náà sì dá mi padà sára máńgòrò bí ẹni tó gbàgbé nǹkan síbẹ̀. Nígbà tí ojú mi tún là, igbà bàbá akọ̀pẹ ni ó bọ́ sí.

Ògiri kan ni ilé wa àti ti bàbá akọ̀pẹ jọ pín. Igbà rẹ̀ máa ń wà lórí ìṣó lẹ́yìnkùlé, okùn líle tó nípọn tí yóò yí ara rẹ̀ àti ọ̀pẹ ká bó bá ń gòkè lọ kọ ẹyìn, òun ló sì wà láàárín rẹ̀ àti ilẹ̀. Wọn kì í dá a kọjá, wọn kì í yá a fúnni, akọ̀pẹ méjì kì í sì jọ lo ẹyọ kan. Ìyá mi máa ń sọ pé láti ìgbà tí ìyàwó bàbá náà ti kú, igbà ló kù tó ń dì mọ́ ọn. Mo mọ gbogbo èyí. Bàbá sì lọ síbi fídáù kan ní Olúpọ̀nnà lọ́jọ́ náà. Mo ní bí mo bá dá a padà kó tó dé, ta ló jalè?

Ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ ń ṣú ni. A fi bárò ti pákó àti tapólì dé etí omi. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n bọ́ bàtà, mo ní rárá, bàtà yóò hàn nínú fídíò. Mo gbé igbà wọ ìbàdí, mo so okùn tapólì mọ́ ọn níwájú, mo dúró lórí pákó létí omi bí ìyàwó tó ń retí mọ́tò. Ọ̀rẹ́ mi gbé tapólì sókè. Kò sí nǹkan kan. Ó ní, “Ọ̀gá, bóyá ká lọ jẹun ná.” Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ tí ìjì fi dé.

Kí n má purọ́, mo fò. Kò pẹ́ ju bí èèyàn ṣe ń sín lọ, ṣùgbọ́n mo fò. Mo rí omi lábẹ́ mi, mo rí pákó tí mo fi ọwọ́ ara mi fá tó ń bá tirẹ̀ lọ láìsí mi. Igbà náà kò dúró ní ìbàdí. Ó gòkè dé abẹ́ ìhà, gbogbo ara mi tó kù sì so rọ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Ibẹ̀ ni nǹkan kan ti dún “kẹ̀” ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn mi. Mo já sínú omi tí kò ju orúnkún lọ, tapólì sì kọjá lórí mi, ó lọ bo màlúù kan tó ń mumi jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀.

Ẹ bá mi rò ó. Màlúù tí kò ríwájú mọ́, tí nǹkan ń dún pàràpàrà lórí rẹ̀, kí ni yóò ṣe? Ó sáré. Èmi rèé, mo ṣì so mọ́ ọn. Ó wọ́ mi la ẹrọ̀fọ̀ kọjá, ó wọ́ mi la ebè ẹ̀gẹ́ ẹni ẹlẹ́ni kọjá. Darandaran tó ni ín ń sáré tẹ̀lé wa.

“Kái! Tú màlúù mi sílẹ̀!”

“Ẹ sọ fún màlúù yín kó tú èmi sílẹ̀!”

Kùkùté igi kan ló gbà mí. Igbà há sí i, okùn tapólì já, màlúù sì bá ìrìn àjò rẹ̀ lọ. Igbà kò já. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo ń yìn ín, n kò mọ̀ pé inú ló ti já sí. Fídíò tí ọ̀rẹ́ mi yà, àtàǹpàkò rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, pẹ̀lú ohùn mi tó ń ké pe ìyá mi.

Bárò tó gbé pákó lọ ló gbé mi bọ̀. Ọ̀rẹ́ mi nu igbà náà, ó dá a padà sórí ìṣó. Bó ṣe ń gbé e kọ́ ni mo rí i, nídìí kókó rẹ̀, tí fọ́nrán díẹ̀ yọ síta bí irun imú. Mo rí i. Mo dákẹ́.

Ìyá mi bi mí pé kí ló ṣe mí, mo ní pákó ni mo gbé ní ṣọ́ọ̀bù. Ó yan iyọ̀ nínú agbada, ó dì í sínú aṣọ, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi ní ìbàdí, ó sì ń bú ọ̀gá mi: “Ọmọ tó ti ṣe fíríìdọ̀mù, ó tún ń dì í lẹ́rù bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́!” Kò fi mọ níbẹ̀, ó lọ bá a nílé. Ọ̀gá mi, tí kò mọwọ́ mọsẹ̀, fi ìpara ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n má bínú.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn ti yọ, mo gbọ́ ohùn bàbá akọ̀pẹ lẹ́bàá fèrèsé.

“Ìyá oníyọ̀, ọmọ rẹ ńkọ́?”

“Ẹ̀yìn ló ń dùn ún, bàbá. Pákó ni wọ́n gbé rù ú.”

“Súbúhánallà! Sọ fún un kó rọra o. Ẹ̀yìn ò ní sípíà.”

Ó ní òun ń lọ sí oko ọ̀nà Kúta, pé ẹyìn orí ọ̀pẹ tó ga jù níbẹ̀ ti pọ́n. Ó kọjá lọ. Mo sọ fún ara mi pé fọ́nrán díẹ̀ kọ́ ni igbà. Mo tún un sọ. Ìbàdí mi ní kí n dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, ìtìjú sì gbè é lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dijú, ọ̀pẹ yẹn ni mò ń rí. Mo mọ̀ ọ́n. Ìdí rẹ̀ ni mo ti máa ń ṣa ẹyìn fún bàbá nígbà tí mo kéré. Ẹni tó bá já bọ́ níbẹ̀ kì í bi ẹnikẹ́ni pé kí ló ṣẹlẹ̀. Bàbá kì í sì í gbé fóònù lọ sóko. Mo pe ọ̀rẹ́ mi.

“Gbé bárò wá.”

“Bárò kẹ̀? Ta ló kú?”

“Kò tíì sẹ́ni tó kú. Sáré!”

Òun nìkan kò lè lọ, kò mọ oko náà. Ọlọ́kadà tí a kọ́kọ́ bẹ̀ wò mí lókè wò mí nílẹ̀, ó ní ẹni tí kò lè jókòó kì í ṣe èrò, ẹrù ni. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe gba ọ̀nà Kúta lọ, èmi tí mo dojú bolẹ̀ nínú bárò, ọ̀rẹ́ mi tó ń sáré lẹ́yìn mi. Gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ló kí ìbàdí mi, mo sì ń dá wọn lóhùn. Àwọn ìyá tó ń bọ̀ lọ́jà rí wa, ọ̀kan ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, èló ni ẹ ń tà á?” Ọ̀rẹ́ mi ní, “Ìyá, ẹ máa gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́!”

Nígbà tí a débẹ̀, bàbá ti wà lókè. Àdá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti ń mú ẹ̀yìn lọ díẹ̀díẹ̀ láti fara ti igbà.

“Bàbá! Ẹ má fara tì í! Ẹ dì mọ́ ọ̀pẹ!”

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni, ọmọ ìyá oníyọ̀!”

“Kí lo ń wá nínú bárò?”

“Ẹ dì mọ́ ọ̀pẹ ná, ẹ jọ̀ọ́! Igbà yín ti bàjẹ́. Èmi ni mo bà á jẹ́!”

Àdá já bọ́ lọ́wọ́ bàbá. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó gbá ọ̀pẹ mọ́ra bí ọmọ tó di ìyá rẹ̀ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀, ó ń fi àyà àti orúnkún wọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó pẹ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀, àyà rẹ̀ ti bó yánnayànna. Ó mú igbà níbi kókó, ó lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó já sí méjì bí búrẹ́dì àná. Ó wo apá kan, ó wo apá kejì, ó jókòó.

“Kí lo fi ṣe?”

“Mo fi fò lórí omi ni, bàbá.”

“Lọ síbo?”

“Kò síbi tí mò ń lọ.”

“Ta ló ń lé ọ?”

“Kò sẹ́ni tó ń lé mi.”

Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ mi. “Ìwọ ńkọ́? Kí lò ń ṣe níbẹ̀?”

“Mò ń ya fídíò, bàbá.”

“Mú un wá kí n wò ó.”

Ọ̀rẹ́ mi mú un jáde. Bàbá gba fóònù, ó wo àtàǹpàkò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, kò fojú kúrò. Ó dá fóònù padà. Ó ní, “Ó dáa.”

Nílẹ̀ wa, ohun tó kàn fún ọmọkùnrin lẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò rújú rárá: kí ó sọ àyà kalẹ̀. Mo yí ara mi bọ́ sílẹ̀ nínú bárò, mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ìbàdí mi sì há sí àárín ọ̀nà. N kò lè lọ sílẹ̀, n kò lè padà sókè. Mo dúró bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ṣàánú mi, ó nà gbalaja sórí ilẹ̀. “Bàbá, mo bá a dọ̀bálẹ̀.”

“Dìde. Ẹnìkan kì í bá ẹnìkan yàgbẹ́.”

Ní ọ̀nà ilé ni ọ̀rẹ́ mi tó sọ èyí tó ti ń jó o nínú. “Ìlédìí,” ló wí. “Mo sọ fún ọ. Ìlédìí.”

Nígbà tí àgbàdo tuntun jáde ni ẹ̀yìn mi tó gbọ́ràn. Mo lọ bá bàbá nílé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi kanlẹ̀. Ó fọwọ́ kàn mí lẹ́yìn, ó ní, “Mo ti gbọ́. Dìde, kí ẹ̀yìn yẹn má baà tún lọ.” Kò sọ fún ìyá mi títí di òní. Ó ti hun igbà mìíràn, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ìgbà tí mo lọ wo igi tí a fẹ́ là ní ọ̀nà Kúta ni mo tún rí i lórí ọ̀pẹ. Tẹ́lẹ̀ rí, bí bàbá yìí bá dé òkè, á sọ ẹ̀yìn sí igbà bí ẹni jókòó sórí àga ọlọ́lá, á máa bá àwọn tó ń kọjá nísàlẹ̀ tàkúrọ̀sọ, á máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ náà, ọwọ́ kan ló fi gbá ọ̀pẹ mọ́ àyà, ọwọ́ kejì ló fi ń na àdá sí ẹyìn, bí akọ́ṣẹ́. Igbà tuntun wà ní ìdí rẹ̀, ó sì le dáadáa, kò kàn fara tì í ni. Mo kí i. Ó dáhùn láìwo ìsàlẹ̀.

Àwọn ará oko ń sọ pé àgbà ti dé sí i. Bí wọ́n bá sọ ọ́ níwájú mi, n kì í jiyàn. Ó ti dárí jì mí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà èwe ni ọkùnrin yìí ti ń sọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí òfuurufú tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, èmi ni mo gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dá irú rẹ̀ padà fúnni.