Ọmọ Tó Ń Ké Kò Tíì Kú

Ìyá Agbẹ̀bí ti gbẹ̀bí ọmọ àìlóǹkà kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí bí ọwọ́ irú wọn ṣe lè dilẹ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà ilé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín, ó ra mẹ́mọ́rì tuntun tó máa jẹ́ kó yára, ó tú ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ó sì kì í sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó tàn án. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn biribiri, igbe “píì, píì, píì” ló ń ké ṣáá.

Ọkọ rẹ̀ ju jígí ojú sórí tábìlì. “Ṣé mi ò sọ fún ẹ? O ti pa á!”

“Bàbá wọn, ẹ fara balẹ̀. Ọmọ tó wáyé tí ò ké ló ń já mi láyà. Eléyìí ń ké.”

Ó yọ iná, ó yẹ inú rẹ̀ wò. Ẹ̀gbẹ́ kan mẹ́mọ́rì náà ò wọlé; ẹ̀rù pé ó lè kán ni ò jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ó fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dún “kẹ́”.

Ó tún un tàn. Píì kan ṣoṣo, ojú kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀ kedere.

Ọkọ rẹ̀ rọra fọwọ́ wá jígí rẹ̀ kiri orí tábìlì. “Ó jí?”

Ìyá Agbẹ̀bí nu ọwọ́ méjèèjì, ó yíjú sí i bó ṣe máa ń yíjú sí gbogbo bàbá ọmọ.

“Ẹ kú ewu ọmọ o.”