Ọjà Ẹni Tí Kò Wá

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mi ò tíì lè dá ẹrù gbé karí, ìyá mi ń ta aṣọ ní Jankara. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọjà ṣe rí nígbà náà fún yín. Bí ìyá mi bá bímọ, tàbí tí ibà dá a dúbúlẹ̀, kì í dààmú nítorí ìsọ̀ rẹ̀. Ará ìsọ̀ kejì ni yóò bá a pàtẹ, tí yóò gbọn eruku aṣọ, tí yóò sì máa ké sí àwọn oníbàárà pé, "Ẹ wá ra ti ẹni tí kò wá o, tèmi kò lọ ibì kankan!" Ti ẹni tí kò wá ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tà. Kò sẹ́ni tó ṣòfin ẹ̀, bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a. Inú àṣà yẹn ni mo dàgbà sí, òun náà ló sì tì mí sí kòtò.

Èmi ni mo jogún ìsọ̀ náà. Nígbà tí kòrónà dé, tí ìjọba ní kí gbogbo wa jókòó sílé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gbogbo ojú owó mi ra aṣọ ọdún Ìtúnu sílẹ̀ ni. Wọ́n ti ọjà pa. Nínú agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹni tí kò bá jáde lónìí kò ní jẹun lọ́la. A jẹ gàrí ilé tán, a bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ owó òwò.

Obìnrin tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tèmi ní fóònù ńlá. Tèmi kò ju ti ìpè lásán lọ. Àbúrò ni mo fi ṣe, èmi ni mo mú un mọ ọjà. Mo kó aṣọ mi lọ sílé rẹ̀ ní Olówógbowó, mo fún un ní nọ́ńbà àwọn oníbàárà mi, mo ní kó bá mi ya fọ́tò aṣọ, kó fi hàn wọ́n. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá. Tiyín ni mo máa kọ́kọ́ tà." Ọdún dé, ọdún lọ, kò sẹ́ni tó ra ẹyọ kan. Ó ní kò sówó lọ́wọ́ àwọn èèyàn, mo sì gbà.

Nígbà tí wọ́n ṣí ọjà, oníbàárà mi àtijọ́ kan láti Obalende rí mi, ó pariwo. "Háà! Ìyá, ẹ̀yin nìyí? Wọ́n ní ẹ ti fọjà sílẹ̀, ẹ ti padà sí Ìjẹ̀bú!" Ará ìsọ̀ kejì mi yẹn ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, aṣọ tirẹ̀ ni òun àti àwọn yòókù sì ti rà. Mo yíjú sí obìnrin náà ní ìsọ̀ rẹ̀. Kò tiẹ̀ jiyàn. "Ẹ má bínú, Ìyá. Ebi ń pa àwọn ọmọ mi."

Ebi? Ṣé òkúta ni àwọn tèmi ń jẹ? Ó dùn mí dé egungun. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Àwọn oníbàárà mi kò padà. Ẹni tó ti mọ ibòmíràn, ibẹ̀ náà ló ń lọ.

Ayé ti yí o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ mi ti ra fóònù ńlá fún mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó ń tajà lọ́ọ̀ọ́kán mi ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́. Ó rán ọkọ rẹ̀ sí mi pé kí n bá òun fi aṣọ òun han àwọn èèyàn. Ìyá mi ìbá ti dìde kí ọkùnrin náà tó parí ọ̀rọ̀. Èmi sọ pé fóònù mi ti bàjẹ́. Mi ò tíì pa ẹnu dé tó fi dún lápò mi. Ọkọ rẹ̀ wò mí, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ẹ ṣé Ìyá, ó sì lọ.