Ilà Tí Kò Ní Ẹfun Mọ́

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Odell Stamps fi fa ilà sórí pápá bọ́ọ̀lù yunifásítì Pruitt Bend. Á ta okùn láti èèkàn dé èèkàn, á ti kẹ̀kẹ́ ẹfun tẹ̀lé e, kò sì ní gbójú sókè títí yóò fi dé òpin. Ilà rẹ̀ kì í wọ́.

Bọ́ọ̀lù tiwọn, àyà ni wọ́n ń gbé e mọ́ sáré. Ẹni tó bá gbé e dé ilà ìkẹyìn ló jẹ àmì mẹ́fà. Bí àríyànjiyàn bá dé, ará ìlú á ní, "Ẹ bi Odell." Lẹ́yìn eré, Odell á kúnlẹ̀ síbi ilà, á wo bí ẹfun ṣe fọ́n, á ní, "Ó wọlé," tàbí, "Kò wọlé." Kò lè yí èsì padà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í jà á níyàn.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n ká koríko náà kúrò, wọ́n tẹ́ koríko oníke. Ilà ti wà lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ti wá, iṣẹ́ Odell sì parí. Ọdún yẹn náà ni wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn ọkàn sẹ́bàá ọ̀nà tuntun. Odell kò lè bú ìyẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́jú òun. Nígbà tí àìsàn ọkàn ti Wilma, ìyàwó rẹ̀, dé, ọgọ́ta máìlì ni ọsibítù wà sí ìlú. Wilma kò débẹ̀ láàyè.

Lọ́sàn-án Sátidé, ẹgbẹ́ àlejò fi àmì mẹ́rin ṣíwájú. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí eré parí, ọmọ ẹgbẹ́ ilé kan gbé bọ́ọ̀lù, ó ṣubú sórí ilà ìkẹyìn. Adájọ́ eré ní kò wọlé. Odell ti dìde láàárín èrò láti lọ kúnlẹ̀ síbi ilà kó tó rántí pé kò sí ẹfun mọ́. Gbogbo èrò ti kọ̀yìn sí i, wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà lókè pápá.

Ó yà sí ilé oúnjẹ Earlene.

"O fajú ro bí ẹni tí ajá rẹ̀ sọnù," ni Earlene wí. Ó gbé ẹja àrọ̀ àti búrẹ́dì àgbàdo kalẹ̀ fún un.

"Ajá mi ti kú tipẹ́."

"Ó rí ohun tó ń bọ̀ ni."

Hoyt agẹrun rẹ́rìn-ín nídìí kọfí rẹ̀. Earlene nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. "Odell, ṣé bọ́ọ̀lù yẹn wọlé?"

"Ẹ̀yin náà, Mọ̀mí," ni Hoyt wí fún Earlene. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni tẹlifíṣọ̀n fi hàn wá."

"Ṣé ìwọ ni mo bi? Irun ni kó o máa gẹ̀."

Odell mọ̀ pé àánú ló ń ṣe Earlene. Síbẹ̀, ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ti bi òun gbẹ̀yìn.

"Jẹ́ kí n lọ wò ó," ló wí.

Ní pápá, àwọn agbálẹ̀ ṣì ń ṣa ife lórí ìjókòó, ẹnubodè wà ní ṣíṣí. Odell kúnlẹ̀ síbi tí ọmọ náà ṣubú sí. Kò sí ohun tó fọ́n. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ilà náà, ó nù ún gidigidi, ó wá yí ọwọ́ sójú oòrùn. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

"Mi ò mọ̀," ló wí. Kò sí ẹni tó gbọ́.

Ó pẹ́ kó tó lè dìde. Ọ̀nà tuntun ló gbà lọ sílé, kó má bàa gba iwájú ilé oúnjẹ Earlene kọjá.