Bàbá Búrẹ́dì àti Ọ̀tá Rẹ̀ ní Fagge

Gbì! Gbì! Ìró ẹ̀ṣẹ́ Bàbá Búrẹ́dì nínú ìyẹ̀fun ló máa ń jí wa láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó gbé omi kaná. Kì í pò fíláwà bí àwọn yòókù ṣe ń pò ó. Á gbé ẹsẹ̀ òsì síwájú, á tẹ àgbọ̀n mọ́ èjìká, á wá máa kan ìyẹ̀fun náà lẹ́ṣẹ̀ẹ́, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, tí yóò máa fi imú mí fìn-ìn, fìn-ìn. Òórùn ìwúkàrà á gba àgbàlá kan, èéfín igi á máa ta wá lójú. Èmi á jókòó sórí àpò fíláwà, á máa retí búrẹ́dì tó bá kọ́kọ́ jáde nínú ààrò, nítorí tèmi ni.

Kì í ṣe bàbá mi, kì í sì í ṣe ẹbí wa. Yàrá rẹ̀ ló kọjú sí tiwa nínú ilé kan lẹ́yìn France Road, ní Sabon Gari nílùú Kano, àwa ọmọdé ò sì mọ orúkọ mìíràn fún un. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ni, ọ̀gá nínú àwọn afẹ̀ṣẹ́jà tó wúwo jù ní gbogbo apá Àríwá. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló lè bá a dù ú, Hausa kan tó ń pa ẹran ní Fagge, àdúgbò kejì sí tiwa, tí a ń pè ní Baba Mai Nama, ìyẹn bàbá ẹlẹ́ran. Wọ́n jà lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá Búrẹ́dì ló borí lákọ̀ọ́kọ́, Baba Mai Nama sì gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà kejì. Wọ́n ti fi ọjọ́ sí ìkẹta kí ogun abẹ́lé tó dé. Nígbà tí ogun fi máa parí, ikùn àwọn méjèèjì ti yọ, irun wọn ti ń funfun, bẹ́líìtì sì wà ní Fagge.

Ọ̀rọ̀ náà ò tán nínú wọn. Bí Iléyá bá dé, tí gbogbo Kano ń pè ní Sallah, Baba Mai Nama á fi odindi itan àgbò ránṣẹ́ sí i. Iṣẹ́ tó máa ń bá a wá ni pé, “Ẹ sọ fún Bayarabe yẹn pé bẹ́líìtì ń kí i.” Bayarabe ni Hausa ń pe ọmọ Yorùbá. Bí Kérésì bá dé, Bàbá Búrẹ́dì á fi búrẹ́dì tó tóbi bí ìrọ̀rí, ìrẹsì àti adìyẹ ránṣẹ́ padà. Èmi ni mo máa ń gbé e lọ, pẹ̀lú iṣẹ́ tèmi náà lẹ́nu: “Bàbá ní kẹ́ ẹ jẹun yó, pé ẹni tí wọ́n bá lù nílùkulù nílò oúnjẹ gidi.” Ìyá mi á ní àgbà méjì tí ń ṣe bí ọmọ iléèwé rèé. Èmi fẹ́ràn iṣẹ́ náà ní tèmi, torí n kì í bọ̀ láti Fagge láì mú kilishi bọ̀, ẹran gbígbẹ aláta tí í jó ahọ́n ẹni.

Ọdún tí mo pé mẹ́wàá, olùkọ́ kan tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìjà ẹ̀ṣẹ́ ní àdúgbò Noman's Land wá bẹ àwọn méjèèjì. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n wá parí ìjà kẹta lórí pápá iléèwé, ráúńdì mẹ́ta péré, ní Sátidé tó tẹ̀ lé ọdún tuntun. Inú Bàbá Búrẹ́dì dùn débi pé ó gbàgbé iyọ̀ nínú búrẹ́dì ọjọ́ yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fo okùn láàárín àgbàlá, gbogbo ilé ń mì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo to àwọn páànù búrẹ́dì sí apá òsì rẹ̀, ó sì fi ìgbọ̀nwọ́ da gbogbo wọn sílẹ̀. Mo ju ọwọ́ síwá sẹ́yìn níwájú ojú òsì yẹn. Kò ṣẹ́jú.

“Bàbá, ẹ ò rí i ni?”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa àwọn páànù náà. “Ó pẹ́ tó ti fọ́. Má sọ fún ẹnì kankan o. Bí ọkùnrin yẹn bá gbọ́, kò ní bá mi jà mọ́, màá sì kú láì mọ ẹni tó lọ̀gá nínú àwa méjèèjì.”

“Na ji,” mo dá a lóhùn.

“Yorùbá ni mo sọ sí ẹ o, ọmọ Kano.”

“Mo gbọ́, sà.”

Mo gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀ṣẹ́ tí kò bá rí ńkọ́? Nígbà tí mo gbé oúnjẹ Kérésì dé Fagge, mi ò rántí jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀fẹ̀ tó rán mi. Mo bú sẹ́kún, mo sì fi Hausa bẹ Baba Mai Nama pé kó má lu Bàbá mi lápá òsì, pé kò ríran níbẹ̀. Ó ní “To,” pé ó dáa, ó sì wé kilishi ìlọ́po méjì fún mi.

Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ ìjà náà, eruku bo pápá. Àwọn èèyàn ń pariwo, “Baba, give am!” Bàbá Búrẹ́dì lù ú bí ẹni ń pò fíláwà. Ọ̀tún àti ikùn nìkan ni Baba Mai Nama ń lù ní tiẹ̀, kò fọwọ́ kan òsì. Ní ráúńdì kẹta, Bàbá Búrẹ́dì mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọwọ́ sílẹ̀, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì fún un. Afẹ́fẹ́ ni ọkùnrin náà gbá. Wọ́n na ọwọ́ àwọn méjèèjì sókè pé ọ̀mì ni, gbogbo pápá pàtẹ́wọ́. Bàbá Búrẹ́dì kò rẹ́rìn-ín.

“Ta ló sọ fún un?” ó bi mí nígbà tí a délé.

Mo jẹ́wọ́. Kò nà mí. Ó kàn ní, “O gba ìjà mi lọ́wọ́ mi,” ó sì wọlé lọ. Ìbá kúkú nà mí. Láti ọjọ́ náà, ọmọ mìíràn ló ń gba búrẹ́dì àkọ́jáde.

Ọjọ́ Iléyá pé, ilẹ̀ mọ́, ọ̀sán pọ́n, ẹran kankan ò dé láti Fagge. Mo ti gbà pé èmi ni mo bà á jẹ́. Ìgbà tó di ìrọ̀lẹ́, Baba Mai Nama fúnra rẹ̀ wọlé nínú agbádá funfun, ó gbé tíréè dání. “Barka da Sallah,” ó kí wa kú ọdún. Hausa ni wọ́n jọ máa ń sọ, òun ni wọ́n sì sọ lọ́jọ́ náà.

“Má bínú sọ́mọ yìí,” ó ní. “Kò sọ ohun tí n kò mọ̀. Èmi ni mo fọ́ ojú yẹn, nínú ìjà kejì. Agogo ti dún kí n tó ju ẹ̀ṣẹ́ náà. Rẹfirí ò rí i, ṣùgbọ́n èmi mọ̀. Ìdí ẹran tí mo ń fi ránṣẹ́ látọdúnmọ́dún nìyẹn. Mo ń fi ẹ̀fẹ̀ bò ó, torí n kò lè bẹ̀ ọ́.”

Ó gbé itan àgbò kúrò. Bẹ́líìtì wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀rá ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Bàbá Búrẹ́dì wò ó títí. “Ṣé o rò pé n kò gbọ́ agogo náà ni? Kí ló dé tí mo fi sọ ọwọ́ sílẹ̀ nínú ìjà kejì yẹn?”

“O gbọ́ ọ? O ò sì sọ fún ẹnì kankan?”

“Bí mo bá sọ, wọn ò ní jẹ́ kí o jà mọ́. Ta ni n ó wá máa bá jà?”

Baba Mai Nama fi agbádá nu ojú. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó mú kí ìyá mi yọjú láti ibi ìdáná. Bàbá Búrẹ́dì gbé bẹ́líìtì náà kọ́ èjìká. “Ó di Kérésì kí o tó tún rí i,” ó wí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pè mí wá gba búrẹ́dì mi, ó gbóná débi pé mò ń jù ú látọwọ́ dé ọwọ́.

Àwọn méjèèjì ti lọ, oníkálukú lórí ibùsùn rẹ̀. Èmi náà ń ṣe búrẹ́dì báyìí, ẹ̀rọ ló ń bá mi pò ó. Onínú fùfù ni mí, ẹnu mi ò sì dùn tí wọ́n bá ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n nígbà púpọ̀ tí mo ti lẹ́tọ̀ọ́ láti tú àṣírí ẹni tó ṣẹ̀ mí, mo máa ń rántí ọkùnrin tó gbọ́ agogo tó sì dákẹ́, mo sì ti torí rẹ̀ ní ọ̀rẹ́ tí n kì bá tí ní.

Láti ọdún yẹn, bẹ́líìtì náà máa ń lọ sí Fagge ní Kérésì, á sì padà wá ní Iléyá, èmi ni Bàbá Búrẹ́dì sì fi í sílẹ̀ fún. Kérésì tó kọjá, mo tẹ́ bẹ́líìtì sábẹ́ búrẹ́dì, mo gbé tíréè fún ọmọ mi obìnrin kó gbé e lọ fún ọmọọmọ Baba Mai Nama ní Fagge.

“Sọ fún un pé àwa la borí.”

“Ṣé àwa la borí lóòótọ́, Mummy?”

“A ò tíì mọ̀,” mo dá a lóhùn, inú mi sì dùn pé a ò tíì mọ̀.