Igbá Inú Ọkọ̀

Òjò rọ̀ mọ́jú, àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ó ti dá. Ìkùukùu bo gbogbo ọ̀nà láti Àgọ́-Àrẹ títí dé etí odò, koríko tútù ń na èmi àti bàbá mi lójúgun, ilẹ̀ sì ń rùn bí ìkòkò amọ̀ tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi sí. Ara mi ò balẹ̀. Ìyá mi lọ kí àwọn òbí rẹ̀ lódìkejì odò, ibẹ̀ ni ìrọbí ti mú un. Ọjọ́ náà ni ìsọmọlórúkọ, mi ò sì tíì rí àbúrò mi sójú.

Ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ méjì ló wà létí odò. Igi kan náà ni wọ́n fi gbẹ́ wọn. Bí ẹ bá rí wọn, ẹ ó ní ìbejì ni. Ọ̀kan gbẹ nínú, atukọ̀ rẹ̀ sì ti fi osùn kun etí rẹ̀ yíká. Omi díẹ̀ wà nísàlẹ̀ èkejì, igbá kan tó ti ya létí ń léfòó nínú rẹ̀. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú èyí tó lẹ́wà kí bàbá mi tó fà mí lápá.

Ó bi atukọ̀ rẹ̀ pé, "Igbá tìrẹ dà?"

"Kí ni mo fẹ́ fi igbá ṣe, bàbá? Ṣé ẹ̀kọ ni mo fẹ́ mu ni?"

Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbé mi sínú èkejì. Mo sunkún, torí ọkọ̀ olósùn ló wù mí, aṣọ tuntun mi sì ti tutù. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, kò sí ọkọ̀ tí omi kì í wọ̀. Ẹni tó mọ̀ pé omi ń bọ̀ ni kó o bá lọ."

Láàárín odò, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ta wọlé. Atukọ̀ wa na igbá sí mi: "Ìyàwó mi, gbà. Ọ̀lẹ kì í wọ ọkọ̀ mi." Mo gbọ́n omi títí inú mi fi dùn ju ti ẹni tó ń jó lọ. Ọkọ̀ olósùn náà gúnlẹ̀ láyọ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n fìlà àti gèlè ni àwọn èrò rẹ̀ fi gbọ́n omi dé òkè. A bá ìsọmọlórúkọ. Wọ́n gbé àbúrò mi lé ọwọ́ mi tó tutù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Mojí ọmọ mi, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì lókè òkun, wálé. Ó fẹ́ kó gbogbo wa, tọmọ tọmọ-ọmọ, lọ lo ọjọ́ méje lórí òkun. Ó fi àwòrán ọkọ̀ ńlá méjì hàn mí lórí fóònù. Méjèèjì funfun, méjèèjì ní odò ìlúwẹ̀ẹ́ àti ibi tí àwọn ọmọdé ti ń yọ̀ sómi.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ máa mú un. Òní ni mo gbọ́dọ̀ fún àwọn ọlọ́kọ̀ lésì."

Àwọn ọmọ ń pariwo èyí tí iná rẹ̀ pọ̀ jù. Mojí fẹ́ yára ṣí àwòrán kan kọjá, mo ní kó dúró. Àwọn èrò tò nínú rẹ̀ tàgbà tèwe, wọ́n wọ ẹ̀wù ìléfòó tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, ọkọ̀ kéékèèké rọ̀ sókè orí wọn.

"Wọ́n ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa ṣe tí wàhálà bá dé ni, Màmá. Èkejì náà á máa ṣe é, wọn ò kàn fi hàn ni."

Mo ní, "Ẹni tó fi igbá rẹ̀ hàn mí ni mo máa bá lọ."

Ọmọ tó sunkún torí osùn ti darúgbó, ó ti mọ ọkọ̀ yàn. Àmọ́ ara rẹ̀ ò tíì balẹ̀. Bí mo ṣe rí létí odò náà ni mo rí lórí ẹní mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ sọ́jà, mo ra igbá kékeré kan, mo fi ìró wé e, mo tì í bọ ìsàlẹ̀ báàgì. Mojí ní, "Màmá, ẹ̀rọ ló ń gbọ́n omi níbẹ̀ o."

Mo ní mo gbọ́, mo sì fa síìpù báàgì pa.