Kezia Tebbutt, Atukọ̀ Tí Kì í Dá Níìn Lóhùn

Ìtàn mi wọ odò lọ, kò rì, kò sì lúwẹ̀ẹ́. Inú ọkọ̀ Kezia Tebbutt ló jókòó sí, bàtà rẹ̀ sì tutù. Ta ni bàtà rẹ̀ kì í tutù nínú ọkọ̀ Kezia?

Odò kan ṣoṣo la ní ní Harnwold, àmọ́ orúkọ méjì ló ń jẹ́. Àwọn ará òkè odò ń pè é ní Nẹ́n, kúkúrú, bí ẹni gbá ilẹ̀kùn dé. Níìn ni àwọn ará ìsàlẹ̀ ń pè é, wọ́n á fà á bí ẹni tí eyín ń dùn. Àárín gbùngbùn ni abúlé tiwa bọ́ sí, ìyẹn ni pé kò sọ́jọ́ tí a ò jà. Nílé ọtí pàápàá, àwọn Nẹ́n á jókòó sí ọ̀tún iná, àwọn Níìn á jókòó sí òsì. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní tiwọn ti kọ ọ́ sílẹ̀ tipẹ́, lẹ́tà mẹ́rin. Èyí tó kẹ́yìn nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ṣiṣẹ́ kankan, ó kàn so mọ́ ọn nídìí bí ìrù àgùntàn. Tíṣà wa tún ní oríṣi ogún ni wọ́n ti kọ ọ́ nínú àwọn ìwé àtijọ́. Mo ní, "Tíṣà, ṣé wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ni?" Ó ní kí n lọ máa fún wàrà màlúù mi.

Opó ni Kezia. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún nígbà tí mò ń wí yìí, apá rẹ̀ tó itan ọkùnrin, páìpù amọ̀ ọkọ rẹ̀ tó kú kì í sì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló ń tu ọkọ̀ èbúté wa tẹ́lẹ̀, bàbá bàbá rẹ̀ ló sì tù ú kí bàbá rẹ̀ tó gbà á. Ọkọ̀ pẹlẹbẹ, ọ̀pá gígùn, ahéré kan létí omi, gbogbo ohun tó ní láyé nìyẹn. Bí o bá wà ní òdìkejì tí o fẹ́ sọdá, orúkọ odò lo máa fi pe ọkọ̀. "Nẹ́n o!" Kezia á dìde. Bí o bá ké "Níìn o!", Kezia á máa hun ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ lọ.

"Mo rò pé ẹyẹ kan ló ń ké," ló máa ń wí.

Ibẹ̀ ló ti bá Àlùfáà Pettifer jà. Ọmọ ìsàlẹ̀ odò ni àlùfáà yìí, tẹ́ẹ́rẹ́, ọrùn gígùn. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ń bọ̀ wá gba ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó dúró sínú òjò fún wákàtí kan gbáko, ó ń ké Níìn. Nígbà tí ẹlòmíràn dé tó ké Nẹ́n, tí Kezia sì lọ gbé àwọn méjèèjì, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Àlùfáà. Mo rò pé ewúrẹ́ kan ló ń ké ni." Ọkùnrin náà gun orí pẹpẹ pẹ̀lú omi nínú bàtà, gbogbo ìjọ ń gbọ́ ọ, ṣọ̀ọ̀, ṣọ̀ọ̀. Láti ọjọ́ náà, orí afárá tó jìn ní ìrìn wákàtí méjì ló ń gbà. Ọdún mẹ́ta nìyẹn.

Ní ọdún tí wọ́n fẹ́ gbé mi níyàwó, Ọ̀gbẹ́ni Garley, aṣojú onílẹ̀, wá bá Kezia létí odò. Ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ kí àwọn àlejò òun máa pẹja níbẹ̀.

"Ìwé wo lẹ ní lórí èbúté yìí, Ìyá?"

"Ìwé kẹ̀? Ọkọ̀ ni mo ní."

"Ìjọba ń ya máàpù. Èbúté tí kò bá sí nínú máàpù, kò sí láyé nìyẹn. Tí oṣù Kẹsàn-án bá parí, a ó wó ahéré yín."

Kezia fi páìpù tọ́ka sí i. "Àwọn tí ò lè pe orúkọ odò ni wọ́n fẹ́ wó ilé mi?" Àmọ́ páìpù náà ti kú, kò sì rántí tún un tàn. Èmi rí i.

Ọ̀gbẹ́ni Dowd ló ń ya máàpù ọ̀hún, ọmọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ tó ń gbé ìwé ńlá kiri. Òfin iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ohunkóhun tí yóò bá wọ máàpù, àwọn ẹni iyì mẹ́ta gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i nínú ìwé náà.

"Èmi ńkọ́?" ni Kezia wí. "Mo ti wà lórí omi yìí kí wọ́n tó bí ìyá ẹ."

"Ẹ má bínú, Ìyá. Àlùfáà, onílẹ̀, tíṣà, àgbẹ̀ ńlá, irú wọn ni wọ́n ní kí n bi."

"Ẹni iyì tí kò mọ ibi tí odò ti jìn! Ó dáa."

Bàbá mi jẹ́ àgbẹ̀ ńlá, ó fọwọ́ sí i. Tíṣà fọwọ́ sí i, torí Kezia máa ń fún un lẹ́ja. Ó ku ẹnì kan. Onílẹ̀ kò ní fọwọ́ sí i láéláé, a jẹ́ pé àlùfáà ló kù. Kezia wọ fìlà ọjọ́ ìsinmi, ó lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá Tebbutt," ni àlùfáà wí. "Ìbéèrè kan ni mo ní. Kí ni orúkọ odò wa?"

"Nẹ́n."

"Ẹ padà wá nígbà tí ẹ bá rántí."

Láti ibẹ̀, ilé wa ni Kezia wá. Ìyá mi gbé ìyẹ̀fun sísè síwájú rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti àlùbọ́sà sínú rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

"Pè é ní Níìn, Kezia," ni ìyá mi wí. "Kí ló máa já kúrò lára ẹ?"

"Bàbá mi á jí nínú sàréè."

"Ṣé bàbá ẹ ló máa sùn síta nígbà yìnyín?"

Kezia mú fìlà rẹ̀, ó jáde. Ọ̀sán Sátidé ni Dowd ń lọ, Sátidé kan náà sì ni ìgbéyàwó tèmi.

Òfin ayé ìgbà náà ni pé bí aago méjìlá ọ̀sán bá ti lù, àlùfáà kò gbọdọ̀ so tọkọtaya pọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Pettifer wá lọ sùn sílé àlùfáà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní òdìkejì lálẹ́ Fúráìdè. Wọ́n jẹun àárọ̀, wọ́n jẹun, wọ́n sọ̀rọ̀ Ọlọ́run, wọ́n tún jẹun. Nígbà tó máa yọ létí odò, ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago lù. Bó bá gba orí afárá, aago á ti lù tipẹ́ kó tó bá wa.

Gbogbo wa ti tú jáde sétí omi. Èmi rèé pẹ̀lú òdòdó, Enos ọkọ mi rèé tó ń làágùn, Dowd rèé tó ń di ẹrù sórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin. Àlùfáà fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"Níìn o!"

Kezia ń hun ìbọ̀sẹ̀.

"Níìn o! Ìyá Tebbutt!"

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ lọ sí aago ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì padà sí ahéré rẹ̀. Lókèèrè, mo rí i tí àlùfáà la ẹnu láti pe orúkọ kejì, tó sì tún pa á dé. Òmùgọ̀ méjì, odò kan.

Mo pariwo, "Ìyá Kezia, bí aago yẹn bá lù, ilé yín lèmi àti Enos ń bọ̀ wá sùn títí di Mọ́ńdè! Enos a sì máa hanrun!"

Bàbá mi yí sí mi. "Báwo lo ṣe mọ̀?"

Mo fi òdòdó bojú. Kezia ti dìde. Ó tutọ́, ó mú ọ̀pá, ó sì ké, "Mò ń bọ̀!" Láti ayé bàbá bàbá rẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò dá Níìn lóhùn rí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú omi, àlùfáà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nígbà tó wá ṣèrìbọmi fún ọmọ mi kẹta, tí wáìnì ti tú u lẹ́nu. Ó ní ní àárín odò, Kezia fi ọ̀pá dá ọkọ̀ dúró.

"Ẹ pe Níìn, mo sì wá," ló wí.

"Mo rí yín, Ìyá."

"Ó dùn mí o."

"Mo mọ̀."

Kezia wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àfi pẹ́pẹ́yẹ. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó sì tu ọ̀rọ̀ náà jáde bí ẹni tu egungun ẹja. "Níìn." Ó yẹ kí àlùfáà yọ̀. Àmọ́ ó ní ṣe ni ojú ti òun, òun sì tún rántí aago. Ló bá kígbe, "Nẹ́n, Nẹ́n, Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tu ọkọ̀!"

Dowd wọ omi dé orúnkún pẹ̀lú ìwé àti tàdáwà. Inú ọkọ̀ ni àlùfáà ti fọwọ́ sí i, tàdáwà dà sí i láṣọ, ó sì fò jáde, ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni tí oyin ń lé. Enos ti jẹ́jẹ̀ẹ́ tirẹ̀ kí aago tó lù. Tèmi bọ́ sáàárín ìlù kejì àti ìkẹta. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ìgbéyàwó mi kò bófin mu, ó ti pẹ́ jù, ọmọ mẹ́sàn-án ni.

Kí Dowd tó lọ, ó ya ibi tiwa sórí bébà kan fún Kezia. Nígbà tí Garley mú àwọn aláàké dé ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, Kezia na bébà náà sí i, orí bébà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè. Garley fọwọ́ ara rẹ̀ yí i padà, ó wò ó, ó tún wò ó, ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ.

Kezia bi tíṣà tó wá gba ẹja, "Orúkọ mi dà níbẹ̀?"

"Kò sí, Ìyá. Èbúté nìkan ni."

"Odò ńkọ́? Èwo ni wọ́n kọ?"

"Lẹ́tà mẹ́rin yẹn náà ni. Ẹni tó bá kà á ló máa mọ èyí tóun máa pè."

"Wọ́n wá ń gba owó oṣù fún ìyẹn?" Ó kan bébà náà mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sì tanná sí páìpù rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, àjèjì kan dé òdìkejì, ó ké "Níìn o!" títí ohùn rẹ̀ fi há. Kezia hun ìbọ̀sẹ̀ kan parí. Nígbà tó ṣe, ohùn mìíràn tún ké Níìn lẹ́yìn rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, bí ọrùn gígùn tó ti jáde. Kezia nawọ́ mú ọ̀pá.

"Ewúrẹ́ mi ti dé," ló wí, ó sì lọ gbé e.